Gìtá tó ń sunkún: kí ni steel guitar, kí ló sì dé tí wọ́n fi ń dárò àwọn tó ta á?

Níbi ìsọmọlórúkọ kan tí mo lọ láìpẹ́ yìí, DJ gbé orin King Sunny Adé kan tó ti pẹ́ sí i. Àwọn gángan ń sọ̀rọ̀, gìtá ń dá gìtá lóhùn, ni ohùn kan bá fà gbọọrọ láti ẹ̀yìn wá, bí ẹni tó ń sunkún tó tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ jókòó sídìí tábìlì kan náà ní, "Ẹ gbọ́ kíbọọ̀dù yẹn." Ẹ̀gbọ́n kejì ní kíbọọ̀dù kọ́, gòjé ni. Ọmọ wọn tó wà lẹ́yìn wa fa fóònù yọ, ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní, "Bàbá, wọ́n ní steel guitar ni." Ẹ̀gbọ́n àkọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín: "Gìtá wo ni kì í ṣe irin? Ṣé òwú ni wọ́n fi ń ṣe okùn àwọn yòókù ni?"

Ọmọ náà ò tíì dákẹ́. Ó ní òun tún rí i pé àwọn ará Amẹ́ríkà kan ń dárò àwọn tó ń ta gìtá yìí, pé ó ń dùn wọ́n wọra pé wọn ò fojú ara wọn rí wọn lórí ìtàgé kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ẹ̀gbọ́n kejì ní, "Àwo wọn ṣáà wà nílẹ̀. Kí ni wọ́n tún fẹ́ rí?"

Ìbéèrè gidi ni méjèèjì. Mi ò ráyè dáhùn wọn níbẹ̀ nítorí ìrẹsì ti dé. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn wọn níbí.

Irin wo ni wọ́n ń sọ?

Irin inú orúkọ yẹn kì í ṣe ara gìtá, kì í sì í ṣe okùn rẹ̀. Irin ọwọ́ òsì ẹni tó ń ta á ni: ọ̀pá kékeré kan, roboto, dídán, tó gùn tó ìka, tó sì nípọn ju àtàǹpàkò lọ.

Lórí gìtá tí gbogbo wa mọ̀, ìka la fi ń tẹ okùn mọ́ igi. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn rẹ̀ ló ń pín ohùn sí ìpele ìpele, bí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹsẹ̀ yín lè wà lórí ìkẹta, ó sì lè wà lórí ìkẹrin, ṣùgbọ́n kò sí ibi ìdúró láàárín wọn. Lóòótọ́, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le lè fa okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ yí, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni. Steel guitar ò mọ àtẹ̀gùn rárá. Wọ́n gbé okùn rẹ̀ ga kúrò lára igi, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja sórí itan tàbí kí wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ bíi tábìlì, onígìtá á sì máa fi irin yẹn rìn lórí okùn láì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ohunkóhun. Ibi tí irin bá dé ni ohùn náà dé.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ wá gìtá àlòkù kan tí okùn rẹ̀ jẹ́ irin, ẹ tẹ́ ẹ sórí itan. Ẹ ki pẹ́ńsù bọ abẹ́ àwọn okùn náà lápá òkè ọrùn rẹ̀, kí wọ́n lè ga. Ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá kan, ẹ gbé e lé okùn jẹ́jẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá fi ọwọ́ kejì ta okùn kan bí ẹ ṣe ń fa bátìrì náà lọ. Bí ohùn yẹn bá ń gòkè tí kò já, ẹ ti ń ta steel guitar nìyẹn. Kò ní dùn létí o. Ọjọ́ tí èmi dán tèmi wò, ológbò ilé wa jáde, kò padà àfi ìgbà tí ilẹ̀ ṣú.

Ọmọ Yorùbá ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé jù. Ẹ pe "náà" jẹ́jẹ́. Ohùn yín bẹ̀rẹ̀ lókè, ó sì yọ̀ wá sísàlẹ̀ láì já. Gìtá onípele gbọ́dọ̀ gé e sí méjì: òkè, lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀. Steel guitar á pe "náà" bí ẹnu ṣe pè é. Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi ń jọ ti ènìyàn.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe é?

Ọmọ ilé ìwé kan ni, ní erékùṣù Oahu ní Hawaii. Joseph Kekuku ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1874 ni wọ́n bí i sí abúlé Laie, nígbà tí Hawaii ṣì ní ọba tirẹ̀ tí Amẹ́ríkà ò tíì gbà á. Ní nǹkan bí ọdún 1889, ó fi irin wọ́ lórí okùn gìtá, ohùn tó jáde wù ú, ó sì jókòó ti ohùn náà títí ó fi di iṣẹ́ ọwọ́. Ọdún 1904 ló kúrò nílé lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń ṣeré, ó ń kọ́ni, ó dé Yúróòpù, ìpínlẹ̀ New Jersey ló sì kú sí ní 1932. Láàárín ìgbà náà, ní 1915, San Francisco ṣe pàtẹ àgbáyé ńlá kan, àwọn olórin Hawaii sì ṣeré níbẹ̀. Àwọn tó gbọ́ wọn gbé ìfẹ́ ohùn náà lọ sílé.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ onígìtá òde òní ò mọ̀: gìtá oníná tó kọ́kọ́ rọ́jà tà dáadáa, steel guitar ni. Ilé iṣẹ́ Rickenbacker ló ń tà á láti 1932. Ara rẹ̀ rí roboto, ọrùn rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní páànù ìdínńkan. Bí ẹ bá rí àwòrán rẹ̀, ẹ ò ní bá wọn jà.

Kí ni pẹ́dáàlì, irin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, wá wá síbẹ̀?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dà rú mọ́ àwọn ènìyàn lójú, torí náà ẹ jẹ́ ká rọra.

Ọ̀pá irin náà tọ́ ni, kò ṣe é tẹ̀. Bí ó bá bo okùn mẹ́ta tí ẹ sì fà á síwájú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ máa gòkè, ní ìwọ̀n kan náà. Ká ní ẹ fẹ́ kí méjì dúró síbi tí wọ́n wà, kí ẹyọ kan ṣoṣo gòkè láàárín wọn ńkọ́? Àwọn onígìtá ayé ìgbà náà a máa yí irin náà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀ tàbí kí wọ́n fi ọwọ́ fa okùn kan lẹ́yìn irin. Ìyà ni.

Ẹ wo gángan. Onílù ò kúrò lójú ibi kan náà tó ń lù, síbẹ̀ ohùn ń gòkè ó ń sọ̀. Apá rẹ̀ ló ń fún ọsán ìlù: bí ọsán bá fún awọ, ohùn á ga, bó bá tú u sílẹ̀, ohùn á sọ̀. Ohun tí pẹ́dáàlì ń ṣe fún okùn gìtá gan-an nìyẹn. Ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ tábìlì fa okùn kan le sí i, ohùn okùn yẹn nìkan gòkè, àwọn yòókù ò mira. Ẹsẹ̀ kúrò, okùn padà sílé.

Irú gìtá oní-pẹ́dáàlì bẹ́ẹ̀ ti wà ṣáájú, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lò ó kàn ń fi pẹ́dáàlì yí ohùn okùn padà láàárín orin kan sí èkejì ni, bí ẹni tó ń pààrọ̀ aṣọ. Onígìtá kan, Bud Isaacs, ló jẹ́ kí ayé gbọ́ ọ nígbà tí aṣọ náà ń yí lọ́rùn. Nínú orin akọrin Webb Pierce tí wọ́n ń pè ní "Slowly", tó gbòde ní 1954, Isaacs tẹ pẹ́dáàlì nígbà tí okùn ṣì ń dún lọ́wọ́, gbogbo ayé sì gbọ́ bí ohùn kan ṣe ń gun ẹ̀yìn èkejì lọ. Láti ọjọ́ yẹn, onígìtá Nashville, ìlú orin ará oko Amẹ́ríkà (country), tí kò bá ní pẹ́dáàlì mọ̀ pé òun ti fẹ́ pẹ́ sẹ́yìn.

Kí ló wà níbẹ̀ tí etí ò lè rí?

Ìdáhùn sí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n kejì wà níbí.

Ẹ ti rí télọ̀ tó ń lo maṣínnì ńlá, èyí tí wọ́n ń lò nílé iṣẹ́ aṣọ. Ọwọ́ méjèèjì ń darí aṣọ, ẹsẹ̀ ń tẹ ìsàlẹ̀, orúnkún sì ń ti irin kan sápá kan láti gbé ẹsẹ̀ maṣínnì sókè. Ẹni tó wà nídìí pedal steel, ìyẹn steel guitar oní-pẹ́dáàlì, jókòó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Okùn mẹ́wàá ló wà níwájú rẹ̀, tàbí ogún bí gìtá náà bá ní ọrùn méjì. Ọwọ́ òsì ń darí irin. Ọwọ́ ọ̀tún wọ èékánná àtọwọ́dá sí àtàǹpàkò àti ìka méjì, ó ń ta okùn, àtẹ́lẹwọ́ kan náà sì ń pa okùn tí a kò fẹ́ gbọ́ mọ́ lẹ́nu. Ẹsẹ̀ òsì wà lórí àwọn pẹ́dáàlì, nígbà mìíràn ó ń tẹ méjì pọ̀. Orúnkún méjèèjì ń ti àwọn irin mìíràn sọ́tùn-ún sósì, ọ̀kan ń fa okùn le, èkejì ń dẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí pẹ́dáàlì tó ń gbé ohùn sókè tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, òun ló sì ń mú kí ohùn wọlé wẹ́rẹ́ láì ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ìrì.

Gbogbo èyí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí èyí tí àwo lè fi hàn yín. Ohùn tí ẹ gbọ́ pé ó fà gbọọrọ yẹn lè jẹ́ irin ló fà á, ó lè jẹ́ ẹsẹ̀, ó lè jẹ́ orúnkún, ó sì lè jẹ́ pé irin ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbé okùn kan gòkè, tí ohùn kan dúró gbọn-in láàárín tí àwọn yòókù ń sá kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́, àfi kó rí i.

Tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà yẹn ò sì ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ojú akọrin ni kámẹ́rà ń wò. Onígìtá jókòó sí ẹ̀yìn, bí wọ́n bá tilẹ̀ yí kámẹ́rà sí i, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fi hàn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ta ló fẹ́ wo ẹsẹ̀? Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn, inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, láìsí èrò ìwòran, lórí àwo tí orúkọ wọn kì í sábà sí lára rẹ̀.

Àwọn wo ni wọ́n ń dárò?

Wọ́n pọ̀. Mi ò ní kà wọ́n tán. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọjọ́ orí wọn: pẹ́dáàlì gbòde ní 1954, àwọn tó kọ́kọ́ fi ṣe ògo jẹ́ àwọn tí wọ́n bí láàárín 1920 sí 1940, nítorí náà ojú wa báyìí ni ìran náà ń lọ tán. Bud Isaacs fúnra rẹ̀, ọdún 2016 ló tó kú.

Buddy Emmons ni orúkọ tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá. Ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n bí i sí ní 1937. Ọdún 1955 ló dé Nashville, ó sì ń bá akọrin Little Jimmy Dickens ṣeré. Pẹ́dáàlì kan ṣoṣo ni Isaacs fi ń fa okùn méjì pọ̀. Emmons, tí kò tíì pé ogún ọdún, pín iṣẹ́ náà sí pẹ́dáàlì méjì, kí ẹsẹ̀ lè yan èyí tó bá wù ú tàbí kó tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń to gìtá náà títí di òní. Òun àti onígìtá kan, Shot Jackson, jọ dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gìtá sílẹ̀, ó tún wá dá tirẹ̀, ó sì fi gìtá tí wọ́n rò pé orin ará oko nìkan ló mọ̀ ta jáàsì. Nínú fídíò tó ṣẹ́kù, ojú rẹ̀ tutù bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn. Nísàlẹ̀ nìkan ni ogun wà. Ó kú ní 2015.

Don Helms kò tilẹ̀ lo pẹ́dáàlì. Òun ló wà lẹ́yìn Hank Williams, gbajúmọ̀ akọrin country, nínú orin tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ohùn gìtá rẹ̀ ga ju ti akọrin lọ, ó mú bí abẹ́rẹ́. Williams kú ní ọjọ́ kìíní ọdún 1953, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Helms gbé ọdún márùn-ún dín lọ́gọ́ta lẹ́yìn rẹ̀, títí di 2008. Ìyẹn ni pé àwọn tó ń dárò rẹ̀ báyìí ní àǹfààní láti lọ wò ó, wọn ò kàn lọ ni. Ó dá mi lójú pé ìyẹn wà nínú ohun tó ń dùn wọ́n.

Pete Drake ló ta á nínú "Stand By Your Man" ti Tammy Wynette, tí rédíò ilé wa náà lò títí. Drake tún ṣe nǹkan tó jọ idán: ó ti ọ̀pá rọ́bà kan bọ ẹnu, ohùn gìtá gba inú rọ́bà wọ ẹnu rẹ̀, ó sì ń ya ẹnu bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láì lo ọ̀fun ara rẹ̀. Gìtá ló ń pe ọ̀rọ̀ jáde. Orin rẹ̀ "Forever" tó gbòde ní 1964, bẹ́ẹ̀ ló ṣe é. Ó kú ní 1988.

Ti Willie Eason ló tún wọ̀ mí lára jù. Ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni, wọ́n bí i ní 1921, ìlú Philadelphia ló dàgbà sí. Troman ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ gìtá náà lọ́dọ̀ ará Hawaii kan. Willie gbọ́ ọ, ó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí wọ́n ń pè ní House of God, ó sì fi okùn ṣe ohun tí oníwàásù àti akọrin ń fi ọ̀fun ṣe. Ó ń ṣeré ní ojú títì pẹ̀lú. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, steel guitar di ohun èlò ìsìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ayé ìta kò sì mọ̀, àfi ìgbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí gbé orin wọn jáde lórí àwo káàkiri ní àwọn ọdún 1990. Eason kú ní 2005.

Ọdún 2005 kan náà ni Jerry Byrd kú, ní Honolulu. Òyìnbó Ohio ni, wọ́n bí i ní 1920, kò sì gbà láti fọwọ́ kan pẹ́dáàlì títí ayé rẹ̀. Nígbà tí pẹ́dáàlì gba Nashville tán, ó kó ẹrù rẹ̀ ní 1972, ó lọ sí Hawaii, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ohun tí Kekuku tiwọn dá sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pa tì.

Ralph Mooney wà níbẹ̀, tó bá akọrin Waylon Jennings ṣeré fún nǹkan bí ogún ọdún, tó kú ní 2011. Bákan náà ni Sneaky Pete Kleinow tó kú ní 2007, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni kó máa mú kí ère amọ̀ rìn nínú fíìmù.

Báwo ló ṣe dé inú jùjú?

Orin ará oko Amẹ́ríkà ti wọlé wa tipẹ́. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ní àwo Jim Reeves mọ ohun tí mò ń sọ. King Sunny Adé mú steel guitar wọ inú ẹgbẹ́ rẹ̀, Demola Adepoju ló sì jókòó sídìí rẹ̀. Nínú àwo *Juju Music* tó jáde ní 1982, tó gbé orúkọ wọn dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, òun ni ohùn tó ń léfòó lórí gángan yẹn. Ní 1986, nígbà tí akọrin Amẹ́ríkà, Paul Simon, ṣe àwo *Graceland* pẹ̀lú àwọn ará South Africa, Adepoju ló ta steel guitar nínú orin tó jẹ́ orúkọ àwo náà. Ohùn tí ọmọ Hawaii wá rí, tí Nashville ti pẹ́dáàlì bọ̀, ọmọ Yorùbá ló gbé e padà lọ fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n kejì tó ní gòjé ni kò sì jìnnà. Gòjé náà kò ní irin tó dábùú ọrùn rẹ̀; ìka ló ń wá ohùn lórí okùn kan ṣoṣo, ohùn sì ń yọ̀. Bí mo bá ní kí n fún ẹnì kan ní máàkì nídìí tábìlì yẹn, òun ni.

Ẹ̀gbọ́n kíbọọ̀dù ni mo fi fídíò Emmons hàn lórí fóònù nígbà tí a jẹun tán. Ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Mo ní kí wọ́n wo ìsàlẹ̀. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Télọ̀ ni ọkùnrin yìí," ni wọ́n sọ. Wọ́n ní kí n gbé e padà síbẹ̀rẹ̀.